Èèyàn Mẹ́rìnlá Tí O Pa Nínú Ìwé

Ìdí-Àgbọn, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kẹwàá, 1977.

Jíbrílù ọmọ mi, Àkànmú ọkọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìfaradà ariwo Ìsàlẹ̀ Gángan, mo sì kí ọ kú àìsí nílé nígbà tí mo wá. Ṣé àlàáfíà lo padà láti Ìbàdàn? Ọlọ́run Ọba tó fi ìyẹ́ fún málàíkà tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́ kò ní jẹ́ kí ìyẹ́ tìrẹ re. Bí o ṣe fò lókè tí o kò já bọ́, lórí ilẹ̀ tí o wà báyìí náà o kò ní já bọ́, àmín.

Bí o bá fẹ́ mọ bí a ṣe wà, a wà. Orúnkún bàbá rẹ ṣì ń dún kẹ̀kẹ̀ bó bá ń dìde, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbẹ́ fún àwọn ará Ẹ̀jìnrìn ti ku ìdí nìkan, ewúrẹ́ wa tó ní funfun níwájú orí bí ìbejì, ara tu gbogbo wọn, àfi pé ìyá wọn jẹ rìsíìtì owó orí bàbá rẹ, a sì ti pinnu pé bí àwọn agbowó orí bá dé, ewúrẹ́ náà la ó fà lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n wá rìsíìtì nínú rẹ̀ fúnra wọn.

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí, ẹ̀kọ́ àgbà tí mo kọ́ nígbà tí o wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo fi ń kọ ọ́, mi ò jẹ́ kí Tíṣà Godfrey bá mi kọ ọ́ nítorí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá wà nínú rẹ̀. Bí o bá kà á tán, kí o jó o níná, ṣùgbọ́n kí o kọ́kọ́ gé ibi tí mo ti béèrè owó sápá kan, kí o má baà gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ ìwé rẹ ni. Nígbà tí o fi í ránṣẹ́, tí mo rí àwòrán rẹ lẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ Éfọ́ọ̀sì, aṣọ sójà ojú òfuurufú, inú mi dùn, mo fi aṣọ àlà wé e, mo gbé e kiri abúlé. Gẹ̀ẹ́sì ni o fi kọ ọ́, nítorí náà mo bẹ Tíṣà Godfrey, ọmọ Èkó tí ìjọba gbé wá kọ́ àwọn ọmọ wa, pé kó máa bá wa kà á ní Yorùbá nínú àgbàlá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Gbogbo abúlé pé. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni o ti pa èèyàn méjì.

Jíbrílù, mo rò pé mo ṣì gbọ́ ni. Mo ní kí Tíṣà tún un kà. Ó tún un kà, àwọn méjèèjì sì tún kú.

Tíṣà ní kí n má dààmú, ó ní ìtàn àròsọ ni. Mo bi í pé ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé náà, ó ní páílọ́ọ̀tì kan tó fi iṣẹ́ sójà sílẹ̀ ni. Mo ní ta ni páílọ́ọ̀tì tó fi iṣẹ́ sójà sílẹ̀ tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé. Tíṣà họ orí. Ó wá ní “mo” tí wọ́n kọ sínú ìwé kì í ṣe ẹni tó kọ ìwé. Mo ní bí èmi bá ní mo jẹ ẹ̀bà, ta ló jẹ ẹ̀bà? Ó ṣí ojú ewé kejì.

Àgbàdo ni mo fi ń ka àwọn òkú. Bí ẹnì kan bá ti kú, mo ju ẹyọ kan sínú igbá. Nígbà tí a fi máa kà á dé orí kẹjọ, Tíṣà ní mẹ́tàlá ni wọ́n, èmi ní mẹ́rìnlá ni, nítorí ọkùnrin kan wà tí o tì sínú ọ̀sà láti orí Afárá Kátà, Tíṣà ní ó ṣeé ṣe kó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Èmi tí mo ti ń gbé etí ọ̀sà fún ogójì ọdún mọ̀ pé ẹni tó wọ kóòtù àti bàtà tó sì mutí yó, kò sí irú ìwẹ̀ tó mọ̀. Mo ju ẹyọ tirẹ̀ sí i.

Mo wá lọ bá Lèmọ́mù pé kó bá mi ṣe àdúà fún òkú mẹ́rìnlá. Ó béèrè orúkọ wọn. Mo dárúkọ Jọ́jì, mo dárúkọ Màkẹ́ńsì, mo dárúkọ Olójú Kan, Lèmọ́mù ní kò dà bíi pé mùsùlùmí ni àwọn wọ̀nyí, mo ní kó ṣáà bá mi ṣe é nítorí ọmọ mi ló pa wọ́n. Mo din àkàrà sàráà, a pín in yíká. Nísinsìnyí, bí àwọn ọmọ iléèwé bá ti rí mi, wọ́n á kúnlẹ̀ dáadáa, wọ́n á bi mí ọjọ́ tí Bọ̀ọ̀dá Jíbrílù máa tún pa ẹlòmíràn.

Ohun kan tún wà tó dùn mí, mi ò fẹ́ sọ ọ́ ṣùgbọ́n màá sọ ọ́. Páílọ́ọ̀tì inú ìwé yẹn ní ìbọn méjì, ó ní mọ́tò pupa, ó ní obìnrin kan tó ń jẹ́ Bẹ́tì tó máa ń fi ìbọn kékeré pamọ́ sínú báàgì, ṣùgbọ́n kò ní ìyá. Kò kí i, kò rántí rẹ̀, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí i. Bóyá o ti pa ìyẹn náà kí ìwé tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n orí kẹsàn-án ló gbé mi dìde nílẹ̀. Níbẹ̀ ni o ti wọ báǹkì kan ní Tinúbú, o kó wúrà wọn, o gbé e sínú bàálù, o fò lọ. O mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún olè báǹkì lóde òní. O mọ àwọn tí wọ́n ń so mọ́ àgbá létí òkun tí wọ́n ń yìnbọn fún, tí èèyàn ń lọ wò wọ́n bí ẹni ń lọ wo eré. Mo rò ó pé àwọn ọlọ́pàá náà mọ Gẹ̀ẹ́sì kà, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ti dé orí kẹjọ.

Mo sọ fún bàbá rẹ. O mọ bí ọ̀rọ̀ yín ṣe rí. Tẹ́lẹ̀, bí bàálù bá ń kọjá lórí abúlé, á gbé àáké sílẹ̀, á ju ọwọ́ sókè, á ní ọmọ òun nìyẹn, kódà nígbà tí o ṣì wà ní Jámánì tí wọ́n ń kọ́ ọ. Láti ọjọ́ tí o ti fi Éfọ́ọ̀sì sílẹ̀, ọdún mẹ́ta rèé, tí o ní ìwé lo fẹ́ máa kọ, kò dárúkọ rẹ mọ́, bí bàálù bá sì kọjá, ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní ẹni tó fi ojú ọ̀run sílẹ̀ tó wá jókòó ti tábìlì, ohun tó bá rí níbẹ̀ kó fara mọ́ ọn. Ó ní kí n má lọ síbì kankan.

Mo lọ. Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo wọ ọkọ̀ ojú omi lánṣì ní Ẹ̀pẹ́, mo sọ̀ sí Ẹbútẹ́ Èrò, àbúrò mi Ganiat wá pàdé mi, a sì fẹsẹ̀ rìn dé ilé ọkọ rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Gángan tí o ń gbé lókè rẹ̀. Ganiat ní o ti lọ sí Ìbàdàn lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ ìwé rẹ. Mo ní kí n ṣáà wo yàrá rẹ, bóyá wúrà náà wà níbẹ̀.

Mo bá obìnrin kan nínú yàrá, ó jókòó ti ẹ̀rọ kan tó ń dún tatata bí òjò lórí páànù, báàgì dúdú kan sì wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mọ ẹni tó jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mo ní, Bẹ́tì, ẹ kú iṣẹ́. Ó ní òun kì í ṣe Bẹ́tì o, Gladys ni òun, òun ló ń bá ọ tẹ ìwé. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé Bẹ́tì máa ń yí orúkọ padà, ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní orí kẹrin. Mo ṣe bí ẹni tó rẹ̀, mo jókòó lé báàgì náà. Nígbà tó yíjú, mo ṣí i. Àtíkè wà níbẹ̀, ìyàrun wà níbẹ̀, bisikíìtì méjì wà níbẹ̀, àti nǹkan dúdú róbótó kan tí mo gbá mú, mo ní ọta ìbọn rèé, Ganiat, wá wò ó. Gladys ní ríbọ́ọ̀nù ẹ̀rọ ni. Ọwọ́ mi dúdú títí di ọjọ́ kejì.

Kò bínú. Ó bu omi fún mi, ó fi ọṣẹ bá mi fọ ọwọ́, ó sì ka ohun tó ń tẹ̀ fún mi. Ìwé kejì ni. Jíbrílù, o tún fẹ́ pa dírẹ́bà kan. Mo bi í bóyá dírẹ́bà náà lọ́mọ, ó yẹ ìwé wò, ó ní ọmọ márùn-ún ló ní. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní ta ló máa bọ́ wọn. Ó wojú mi títí, ó fa bébà náà yọ, ó ki òmíràn bọnú ẹ̀rọ, dírẹ́bà wá fara gbọgbẹ́ lásán. Bí o bá dé ibẹ̀ tí o rí i pé kò kú mọ́, èmi ni mo gbà á sílẹ̀, jọ̀wọ́, má padà lọ bá a. Bí o bá sì fẹ́ mọ ohun tí mo rò nípa Gladys, mi ò ní sọ, ṣùgbọ́n mo ti béèrè orúkọ àwọn òbí rẹ̀ àti òpópónà tí wọ́n ń gbé.

Lọ́jọ́ kejì, Ganiat mú mi lọ sí Tinúbú. Mo mọ báǹkì náà láìbéèrè, omi ń tú sókè níwájú rẹ̀ bí o ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọn kò ṣọ̀fọ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ka owó bí ẹni tí ẹnikẹ́ni kò jí nǹkan rẹ̀. Mo ní mo fẹ́ rí ọ̀gá wọn. Wọ́n ní lórí kí ni. Mo ní lórí wúrà. Kíá ni wọ́n ní kí n wọlé.

Ọ̀gbẹ́ni Horatio lorúkọ máníjà, ọmọ àwọn Sàró, àgbà tó wọ gíláàsì, tí Yorùbá rẹ̀ máa ń fẹsẹ̀ kọ Gẹ̀ẹ́sì. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní ọmọ tó dára ni ọ́, mo ní òkè tí o lọ púpọ̀ ló yí ọ lórí, mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù, bí wúrà náà bá ṣì wà ní Èkó, èmi ìyá rẹ máa wá a kàn. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi parí. Ó wá fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó yọ ìwé rẹ jáde. Ẹ̀rí ti wà lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀.

Ó bi mí orí tí a kà dé. Mo ní ìkẹsàn-án. Ó ní òun ti kà á tán lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé tẹlifóònù, ó ní òun fẹ́ bá mi wá ọ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó tẹ ìwé náà, ó sọ Gẹ̀ẹ́sì sí i fún ìgbà pípẹ́, ó wá gbé e fún mi. Mo kúnlẹ̀. Ó ní ẹni tó wà níbẹ̀ kò rí mi. Mo ní kó ṣáà bá mi gbé tẹlifóònù náà sílẹ̀ díẹ̀ dé ibi tí mo kúnlẹ̀ sí. Ọkùnrin kan ló fọhùn, ó ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, ó ní kí n kú oríire ọmọ, ó ní ìwé náà ń tà, ó ní bí o bá lè pa tó ogún nínú èyí tó ń bọ̀, inú àwọn yóò dùn gan-an. Mo gbé nǹkan náà sórí tábìlì, mo fi gèlè mi bò ó kó má baà gbọ́ wa, mo sọ fún máníjà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé mo ti rí àwọn tó ń rán ọmọ mi níṣẹ́, Ìbàdàn ni wọ́n wà.

Máníjà bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nu ojú. Èjìká rẹ̀ ń mì. Mo mọ̀ pé wúrà ló ń dùn ún.

Nígbà tó rí ohùn, ó ní wúrà àwọn pé, báǹkì kò bá ọ jà rárá. Mo ní kí ni ẹ̀rí tí mo máa mú lọ sílé. Ó bi mí bóyá owó wà lọ́wọ́ mi. Mo tú náírà márùn-ún nídìí ìró mi. Ó ní kí wọ́n gbé fọ́ọ̀mù wá. Wọ́n béèrè orúkọ, mo sọ ọ́, wọ́n béèrè iṣẹ́, mo ní ẹní ni mo ń hun. Wọ́n wá ní kí n dárúkọ ẹni tí àwọn máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí mi, ìyẹn ni ẹni tí wọ́n máa mú bí mo bá sá lọ. Mo ní kí wọ́n kọ Ganiat. Má sọ fún un. Wọ́n ní kí n tẹ̀ka, mo ní rárá o, mo fi ọwọ́ ara mi kọ Hàwáwù síbẹ̀, kò sì sí àmì tí mo gbàgbé. Wọ́n fún mi ní ìwé pélébé tí wọ́n kọ orúkọ mi àti ìtanràn tí mo san sí. Ìdáríjì rẹ nìyẹn, mo ti kó o sínú àpótí. Ohun tí mi ò rí rí ni pé máníjà ní mo lè wá gba ìtanràn náà padà nígbà tó bá wù mí, bó bá sì pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn, àwọn á fi díẹ̀ lé e. Ẹni tí o jà lólè tó ṣe irú èyí, o kò gbọdọ̀ tún padà síbẹ̀.

Mo padà sílé pẹ̀lú ọkàn tó fúyẹ́, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá yìí, Tíṣà ka orí kejìlá.

Bàbá rẹ kì í jókòó tì wá. Ìdí ọkọ̀ tó ń gbẹ́ ló máa ń wà, á kọ ẹ̀yìn sí wa, á ní ariwo la ń pa. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ṣàkíyèsí pé bí Tíṣà bá ti ṣí ìwé, àáké rẹ̀ á dákẹ́.

Kò sí wúrà nínú orí yẹn, kò sì sí Bẹ́tì. Ogun ló wà níbẹ̀, àti òjò, àti bàálù ẹlẹ́rù kan tó ń wá ibi tó máa bà sí. Ọ̀rẹ́ páílọ́ọ̀tì náà tí o pè ní Sáámù jókòó tì í. Kí ó tó wọ bàálù, ó fi ìka kan ara bàálù náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní a kì í gun ọkọ̀ láìkí i. Wọ́n yìnbọn sí wọn láti ilẹ̀. Páílọ́ọ̀tì ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ, ó ń sọ ohun tí wọ́n máa jẹ bí wọ́n bá dé Èkó, ó bà sílẹ̀ tán kó tó mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí òun nìkan ti ń sọ̀rọ̀.

Àáké bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ. Ó yíjú sí wa, ó ní, “Dáfídì nìyẹn.”

Àwa náà ti mọ̀. Dáfídì ọ̀rẹ́ rẹ, ọmọ àwọn Àgùdà, tí o mú wá bá wa ṣe Iléyá tó ṣáájú ogun, tó jẹ ẹran ju àwa mùsùlùmí lọ. Bàbá rẹ gbé e gun ọkọ̀ tuntun lọ́jọ́ náà, kí Dáfídì tó wọ̀ ọ́, ó kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ó sọ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, láti ìgbà náà ni bàbá rẹ ti fẹ́ràn rẹ̀. A gbọ́ pé ó kú sógun. A gbọ́ pé inú bàálù ló kú sí. Láti ọdún mẹ́sàn-án, o kò sọ fún wa pé ìwọ lo wa bàálù náà.

Bàbá rẹ ní kí Tíṣà tún un kà. Ó kà á, ohùn rẹ̀ kò já geere. Nígbà tó dé ibi ikú, ó wo ọwọ́ mi bóyá màá ju àgbàdo sínú igbá. Mi ò jù ú. Ìwọ kọ́ lo pa ìyẹn.

Bàbá rẹ gbé àáké rẹ̀ nílẹ̀. Ó ní, “Jíbrílù gbé òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wálé láti òkè, ó sì gbé e pamọ́ fún wa.” Orúkọ rẹ ló pè yẹn, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ó wá ní bó bá jẹ́ òun ni, òun ì bá ti fi bàálù náà sílẹ̀ ṣáájú ìgbà tí o fi í sílẹ̀. Ó bi mí bóyá o ń jẹun dáadáa ní Èkó.

Owó ló kàn báyìí. Bàbá rẹ fẹ́ gíláàsì ojú, kì í ṣe láti kàwé, ó ní òun fẹ́ wo àwòrán ẹ̀yìn ìwé bóyá o ti rù. Àwọn tó ń wá gbọ́ ìwé rẹ ti jókòó fọ́ bẹ́ǹṣì mẹ́ta, bẹ́ǹṣì iléèwé sì ni méjì nínú wọn. Èmi ní tèmi, fi náírà mẹ́wàá ránṣẹ́ ní oṣooṣù kí n lè máa bá ọ san ìtanràn Tinúbú, wọn kò béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dára kí èèyàn rẹ́ni rere jẹ.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, mo fi í sẹ́yìn kí o má baà ju lẹ́tà sílẹ̀ kí o tó dé ibi owó. Bàbá rẹ béèrè bóyá ìyá Dáfídì ti gbọ́ orí kejìlá. Mo rántí ohun tí Ganiat sọ fún mi, pé Lafíàjì tí Màmá Theodora, ìyá Dáfídì, ń gbé kò jìnnà sí ọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ogun ti parí, bí ohunkóhun bá gbé ọ gba apá ibẹ̀, o máa ń yípo gba ọ̀nà jíjìn kí o má baà kọjá níwájú ilé rẹ̀. Ọmọ tó gbójú gbóyà kọlu báǹkì, ẹnu ọ̀nà obìnrin kan ló ń sá fún.

Nítorí náà, mo kọ̀wé sí i lọ́jọ́ Sátidé, mo fi rán awalánṣì. Mo ní, Jíbrílù ọmọ mi ń bọ̀ wá kí yín lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù yìí, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní nǹkan kan tó fẹ́ kà fún yín. Mo mọ̀ pé mi ò bi ọ́ kí n tó kọ ọ́. Èsì rẹ̀ dé ní àárọ̀ òní, ìlà kan péré ni. Ó ní kí o má jẹun kúrò nílé.

Fọ aṣọ rẹ, kí o sì mú ìwé náà dání. Ọlọ́run yóò bá ọ gun àtẹ̀gùn rẹ̀. Yóò bá ọ kan ilẹ̀kùn. Bí ohùn rẹ bá gbọ̀n níbi tí o ti ń kà á, Ọlọ́run má jẹ́ kí ó dá, kí o kà á dé òpin, kí ìyá náà sì gbé oúnjẹ síwájú rẹ, kí o jẹ ẹ́, kí ó sì gbà lára rẹ. Àmín, àmín, àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hàwáwù.